Ìbéèrè Òǹkàwé: Ìwé Àtijọ́ Tó Di Eré Tẹlifíṣàn

Púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn àwọn ìwé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tí wọ́n ti kọ láti ọjọ́ pípẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn wá ń sọ di eré alátẹ̀léra lóde òní. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú wa, mo kí yín o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Awẹ́ ni mo ń gbé. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ka Foundation tí Isaac Asimov kọ. Nígbà tí ọmọ mi fi eré tí wọ́n ṣe láti inú rẹ̀ hàn mí, inú bí mi gidigidi. Gaal Dornick àti Salvor Hardin tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin nínú ìwé ti di obìnrin, wọ́n sì tún dá ọba mẹ́ta kan sílẹ̀ tí kò sí nínú ìwé rárá. Kí ló dé tí wọ́n fi ń fún irú eré bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ìwé náà?

Ìdáhùn: A dúpẹ́, Bàbá wa. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ rí. Mo kàn rò pé ìbínú yín tọ́, ṣùgbọ́n kò bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí ni.

Ìtàn kéékèèké ni Asimov kọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1942, kí wọ́n tó kó wọn jọ di ìwé ní 1951. Márùn-ún ni ìtàn tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún láàárín èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn. Hari Seldon, onímọ̀ ìṣirò inú ìtàn náà tó ti rí i ṣáájú pé ìjọba ńlá kan yóò wó, tó sì dá ètò sílẹ̀ fún ohun tí yóò tẹ̀ lé e, kì í pẹ́ kú; àwòrán rẹ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti bá àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ogun ń jà, ìjọba ń wó, ṣùgbọ́n a kì í fojú rí púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń jókòó sínú iyàrá, tí wọ́n á máa fọ̀rọ̀ wérọ̀ títí ọ̀kan yóò fi gba ti èkejì. Ẹni tó ń kà á kò ní fẹ́ gbé ìwé náà sílẹ̀. Ẹni tó ń wo tẹlifíṣàn ní tirẹ̀ fẹ́ pàdé ojú tó ti mọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí ilé iṣẹ́ Apple, tó bẹ̀rẹ̀ eré náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, bá tẹ̀lé ìwé bó ṣe wà, gbogbo òṣèré tí a bá ti ń fẹ́ràn ni yóò máa kú tán kí oṣù tó parí.

Àwọn ọba mẹ́ta tí ẹ ń bínú sí ni ọgbọ́n tí David S. Goyer àti àwọn tí wọ́n jọ kọ eré náà dá sí ìṣòro yìí. Ọba Cleon ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀: ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́, ọ̀kan wà ní ìgbà agbára rẹ̀, ọ̀kan ti darúgbó. Bí àgbà bá wàjà, wọn a gbé ìkókó mìíràn jáde, àwọn yòókù a sì sún sókè. Nípa bẹ́ẹ̀, Lee Pace, òṣèré tó ń ṣe ọba náà, lè jókòó sórí ìtẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún láìjẹ́ pé òǹwòran ní láti tún ọba mìíràn mọ̀. Asimov kò kọ ọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun ló sún mọ́ èrò Asimov jù lọ nínú gbogbo eré náà. Ìwé náà dá lórí ìjọba ńlá kan tó gbà pé òun kò lè ṣubú, tó sì ń tún ohun tí àwọn baba rẹ̀ ṣe ṣe títí ilẹ̀ fi ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Láti inú ìtàn bí ìjọba Róòmù ṣe wó ni Asimov ti rí i. Ọba tí kì í bímọ, tó jẹ́ pé ara rẹ̀ náà ló ń bí, ṣe èrò yẹn ní ènìyàn tí a lè fojú rí. Kò yẹ kó ṣòro fún ará Ọ̀yọ́ láti lóye irú ìtàn bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ni Aláàfin Àtìbà tó tẹ Ọ̀yọ́ òde òní dó.

Ibi tí èmi àti eré náà kò ti bára mu nìyí. Sáyẹ́ǹsì tí Seldon dá sílẹ̀ kò lè sọ ohun tí ẹnìkan yóò ṣe. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn nìkan ló lè fi ìṣirò sọ tiwọn. Ìdí nìyẹn tí wàhálà fi máa ń yanjú nínú ìwé nígbà tí ọ̀nà gbogbo bá ti dí, tó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo tí olórí ìgbà náà lè gbà, ì báà gbọ́n, ì báà gọ̀. Eré tẹlifíṣàn wá fún Gaal ní ẹ̀bùn láti mọ ohun tó ń bọ̀, ó sì sọ Salvor di ọmọ tí kádàrá ti yàn láti inú oyún. Ìyẹn dojú ìwé náà dé. Nígbà tó bá yá, ẹnìkan tó ń jẹ́ Mule, tó lè darí ọkàn àwọn ẹlòmíràn, yóò wá da ètò Seldon rú, gbogbo agbára ìtàn rẹ̀ sì wà nínú pé kò sí irú rẹ̀ rí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí a ti pàdé láti ìpín àkọ́kọ́ ti ní agbára àràmàǹdà tirẹ̀, kí ni tuntun tí Mule gbé dé? Ẹ bá mi bínú sí ìyẹn, Bàbá. Ní ti ọkùnrin tó di obìnrin, ìwé àkọ́kọ́ yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní obìnrin kankan nínú, bí Salvor bá sì wọ ṣòkòtò tàbí tó ró ìró, ìṣirò Seldon kò ní yàtọ̀.

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ gan-an lè jẹ́rìí sí i. Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ṣin Ọba, ẹni tó yẹ kó bá ọba kú, tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láàárín àwọn ọdún 1940 ti di eré lọ́nà tó ju ẹyọ kan lọ. Nínú Ọba Wàjà tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde ní 1964, Gánà ni ọmọ Ẹlẹ́ṣin ti ń ṣòwò. Nínú eré Wọlé Ṣóyínká ti 1975, ìlú òyìnbó ni ọmọ náà ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, Ṣóyínká sì kọ ọ́ síwájú ìwé rẹ̀ pé òun ti ìṣẹ̀lẹ̀ náà sẹ́yìn ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ó lè bọ́ sí àsìkò tí ogun àgbáyé ṣì ń lọ. Biyi Bándélé sọ eré yẹn di fíìmù ní 2022. Kò sí ẹni tó ń jà nítorí pé oníṣòwò di oníṣègùn. Ohun tí gbogbo wọn fi sílẹ̀ bó ṣe wà ni pé ọmọ kú dípò bàbá. Ẹni tó bá yí ìyẹn padà ni ará Ọ̀yọ́ yóò dìde sí.

Ìbéèrè: Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Ṣé kí n kọ́kọ́ ka ìwé ni, àbí kí n kọ́kọ́ wo eré?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé bí kò bá gùn. Bí ó bá jẹ́ èyí tó nípọn bíi Dune tí Frank Herbert kọ ní 1965, tí orúkọ ènìyàn, ìdílé àti ìlú inú rẹ̀ lè mú kí ènìyàn pa á dé ní ojú ewé kẹwàá, ẹ wo eré tẹlifíṣàn alápá mẹ́ta tí wọ́n ṣe láti inú rẹ̀ ní ọdún 2000, kí ẹ lè mọ ẹni tí í ṣe ta ni, kí ẹ wá lọ jókòó ti ìwé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Olóòtú. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni wá, a sì ní ẹgbẹ́ eré kékeré kan ní Under-G. A fẹ́ sọ The War of the Worlds tí H. G. Wells kọ di eré Yorùbá alátẹ̀léra, kí àwọn ará Máàsì, ìyẹn àwọn ẹ̀dá láti ayé mìíràn tó wá gbógun ti ayé wa, balẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́ dípò ìlú òyìnbó. Ẹnìkan ní wọn yóò pè wá lẹ́jọ́. Ẹlòmíràn ní owó wa kò lè tó o láéláé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ kú ìrònú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti ẹjọ́ kúrò lọ́nà. Oṣù Kẹjọ ọdún 1946 ni Wells kú. Òfin kọpiráìtì ti Nàìjíríà, tí wọ́n tún ṣe ní 2022, fi àṣẹ lórí ìwé sọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ àti àwọn ajogún rẹ̀ títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, láti ìparí ọdún tó kú ni wọ́n sì ń kà á. Nítorí náà, ti Wells ti parí láti ìparí ọdún 2016, ẹnikẹ́ni ló sì lè lo ìwé náà láìtọrọ àṣẹ. Àmọ́ fíìmù tí wọ́n ṣe ní 1953, èyí tí wọ́n ṣe ní 2005 àti àwọn eré tẹlifíṣàn ti 2019 ṣì ní àwọn tó ni wọ́n. Ohun tí ẹ bá rí nínú ìwé ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe mú ènìyàn tí fíìmù dá sílẹ̀, ìrísí ẹ̀rọ inú fíìmù tàbí orin rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i tí ẹnìkan ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ìtumọ̀ yẹn ní ẹni tó ni ín. Láti inú èdè tí Wells fi kọ ọ́ ni kí ẹ̀yin ti mú un. Ẹ má rò pé gbogbo ìwé àtijọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Asimov tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kú ní 1992, ọdún 2062 ni tirẹ̀ yóò tó parí.

Ní ti owó, ẹ rántí pé rédíò ló sọ ìtàn yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, kì í ṣe sinimá. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kẹwàá, ọdún 1938, Orson Welles àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ṣe é lórí rédíò CBS ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé ibi tí àwọn ará Máàsì balẹ̀ sí kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí abúlé Grover's Mill ní New Jersey, wọ́n sì ṣe é bí ìgbà tí orin ń lọ lọ́wọ́ tí ìròyìn pàjáwìrì bá já lù ú. Àwọn kan tí kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rò pé òótọ́ ni, àwọn ìwé ìròyìn sì fẹ ìbẹ̀rù náà lójú ju bó ṣe rí lọ. Ní Quito, olú ìlú Ecuador, ní 1949, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní eré: nígbà tí àwọn ará ìlú gbọ́ pé wọ́n fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni, wọ́n sọ iná sí ilé iṣẹ́ rédíò náà, ẹ̀mí sì bá a lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí rédíò, èyí tí mo gbà yín níyànjú, ẹ sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín àti ní ìparí pé eré ni. Ilé iṣẹ́ rédíò wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, iye tí ẹ ó sì ná lórí ohùn kò tó ìdá kan nínú ohun tí ẹ ó ná lórí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ará Máàsì ń gùn. Kódà, igbe tí àwọn ẹ̀dá náà ń ké nígbà tí wọ́n ń kú lọ wà nínú ìwé: “Ulla, ulla” ni. Ẹ wá ẹni tí ohùn rẹ̀ lè mú kí ara ènìyàn bù máṣọ nígbà tó bá gbọ́ ọ.

Bí ó bá wá di ti àwòrán, ẹ ṣe bí Wells ti ṣe. Ìlú Woking ló ń gbé nígbà tó ń kọ ọ́. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn kiri, tó ń yan ilé àti òpópónà tí àwọn ará Máàsì yóò bà jẹ́. Pápá Horsell, tó wà létí ìlú náà, ni ohun àkọ́kọ́ láti ojú ọ̀run já sí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ka ìwé náà ní Woking lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ wá pápá kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìlọrin. Ẹ jẹ́ kí Tákìe ṣófo ní ọ̀sán gangan. Ẹ jẹ́ kí àwọn oníṣòwò Jàgun fi ọjà sílẹ̀ láìpalẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà ogun Fúlàní ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn ará ìlú tí ogun fọ́ ń sá wọ̀. Bí ìlú tó ti ń gba asásàálà bá wá di ìlú tí tọmọdé tàgbà ń sá jáde lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kò sí ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ní mọ ìwọ̀n ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ kò sì ní nílò kí ẹnikẹ́ni dúró ṣàlàyé.

Ẹ má fojú fo ìpín àkọ́kọ́ ìwé náà, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Níbẹ̀ ni Wells ti sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n tó dá àwọn ará Máàsì lẹ́bi, kí wọ́n rántí ohun tí àwọn òyìnbó fojú àwọn ará Tasmania rí, tí wọ́n fi ogun pa wọ́n run láàárín àádọ́ta ọdún. (Àtọ̀mọdọ́mọ wọn ṣì wà láyé dòní, Wells kò mọ̀ ni.) Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń bi àwọn ará ilé rẹ̀ léèrè ní 1898 pé, bí wọ́n bá ṣe fún wa bí a ti ń ṣe fún àwọn ẹlòmíràn ńkọ́? Nínú eré 2019 tí BBC ṣe ní apá mẹ́ta, wọ́n fi ìtàn náà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà tí ìjọba amúnisìn wọn ṣì wà lórí òkè, kí ìbéèrè yẹn má bàa sọnù. Èyí tí Fox àti Canal+ ṣe lọ́dún kan náà gbé e wá sí ilẹ̀ Yúróòpù òde òní, wọ́n tilẹ̀ yọ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kúrò; eré tó ń dẹ́rù bani ni, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn Wells nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yin bá gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè náà yóò yí padà fúnra rẹ̀, nítorí àwa la wà ní ìhà tí wọ́n ṣe é sí. Ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn di ìwàásù. Bí ẹ bá wọ àwọn ará Máàsì ní aṣọ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, àwọn òǹwòran yóò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tán síbẹ̀.

Ìdánwò ńlá tí yóò bá yín ni ìparí. Kòkòrò àìfojúrí ló pa àwọn ará Máàsì, lẹ́yìn tí gbogbo ọgbọ́n ọmọ ènìyàn ti kùnà. Nínú fíìmù tiwa, babaláwo, wòlíì tàbí akọni ọdẹ kan ló sábà máa ń yọ jáde ní ìpín ìkẹyìn láti ṣẹ́gun irú wọn. Ẹ má gbà fún un, ẹni yòówù tó bá fẹ́ fi owó ràn yín lọ́wọ́ nítorí rẹ̀. Ibà ló pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ dé etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà; kò sí ìparí tí ará ilẹ̀ yìí tún lè gbà gbọ́ ju èyí tí Wells fi sílẹ̀ fún yín lọ.

Ìpín mẹ́rin ti tó. Ìtàn náà kọ́kọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní 1897, nítorí náà ibi tí ó yẹ kí ènìyàn dánu dúró sí ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń sọ ìtàn kò ní orúkọ nínú ìwé. Ẹ fún un lórúkọ, kí ẹ sì fún ìyàwó rẹ̀ níṣẹ́ ṣe, torí Wells kàn fi í pamọ́ sí ilé ẹbí títí ìtàn fi parí ni.

Ìbéèrè: Mo ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Durbar ní Ọ̀yọ́. Mo ti wo The Three-Body Problem tí àwọn ará Ṣáínà ṣe, mo sì ti wo ti Netflix. Ìwé kan náà ni wọ́n sọ pé àwọn méjèèjì tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n wọn kò jọra. Èwo ló tọ̀nà nínú wọn?

Ìdáhùn: Ìwé Liu Cixin ti 2008 ni, lóòótọ́. Eré Tencent tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ní ìpín ọgbọ̀n, ti Netflix tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024 ní mẹ́jọ péré. Àwọn ará Ṣáínà fi orúkọ, ìlú àti sáyẹ́ǹsì inú ìwé sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, wọ́n sì fún wọn láyè. Netflix fi ọ̀rẹ́ márùn-ún tí wọ́n jọ kàwé ní Oxford rọ́pò Wang Miao, ọkùnrin tí ìwé náà tẹ̀ lé. Bí a bá dúró síbẹ̀ yẹn, ti Ṣáínà ló jàre.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà so kọ́ sára ohun kan ṣoṣo: kí ló dé tí Ye Wenjie, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì inú ìtàn náà, fi dá àwọn ẹ̀dá inú ayé mìíràn lóhùn, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má dáhùn? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ̀ ni. Olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì ni bàbá náà; níṣojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe lù ú pa níwájú èrò nígbà Ìyípadà Àṣà ti Mao, olórí Ṣáínà nígbà náà. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣáínà, àárín ìwé ni wọ́n gbé ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn sí. Nígbà tí Ken Liu túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2014, iwájú ni wọ́n dá a padà sí, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ẹni tó kọ ọ́, ibẹ̀ náà sì ni Netflix ti bẹ̀rẹ̀. Eré Tencent rọra fò ó kọjá, nítorí ohun tí ìjọba ibẹ̀ ń gbà láàyè. Obìnrin yẹn wá ṣe ohun tó lè pa gbogbo ayé run, àwa tí a ń wò kò sì rí ìdí rẹ̀ dáadáa. Mo fara mọ́ ti Netflix nítorí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ márùn-ún náà máa ń sú mi nígbà mìíràn.

Ìbéèrè: Ọjà Akẹ̀sán ni mo ti ń tajà. Mo wo eré Kindred dé ìpín kẹjọ, ó ku ibi tó dùn jù, ni wọ́n bá dá a dúró. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn o. Ìwé kan ṣoṣo ni Kindred tí Octavia Butler kọ ní 1979, ó sì parí: ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń gbé ní California ní 1976 kàn ń bá ara rẹ̀ ní oko ẹrú ní Maryland ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni, ẹni tó sì ń pè é padà síbẹ̀ ni òyìnbó tí yóò di baba ńlá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ FX gbé ìgbà náà bọ́ sí 2016, wọ́n dá ènìyàn tuntun sínú rẹ̀, wọ́n na ìtàn náà kó lè tó ọdún mélòó kan, wọ́n gbé apá àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n sì fagi lé e lóṣù tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń náwó máa ń wo iye òǹwòran kí wọ́n tó bèèrè bóyá ìtàn ti parí. Ìwé tó ní ìparí tirẹ̀ yẹ kó di eré tó ní ìparí láti ìbẹ̀rẹ̀, ìpín mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kó tán. Àwọn tó ṣe The Handmaid's Tale láti inú ìwé Margaret Atwood rí àṣeyọrí nígbà tí wọ́n na tiwọn kọjá ìwé, láti 2017 títí di 2025. Mo ṣì gbà pé apá àkọ́kọ́, tó rọ̀ mọ́ ìwé, ni kò lẹ́gbẹ́ nínú rẹ̀. Ìyá wa, ẹ ní kí ọmọ kan bá yín wá ìwé Kindred. Kò gùn, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí apá ọmọbìnrin náà, tí Butler fi bẹ̀rẹ̀ ìwé, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ ní ìparí.

Ìbéèrè: Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ ni mo wà. Kí ni gbogbo ariwo ìwé òyìnbó yìí nígbà tí Fágúnwà wà? Ṣé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kò tó di eré tẹlifíṣàn ni?

Ìdáhùn: Ó tó, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìtàn onísáyẹ́ǹsì, àmọ́ iṣẹ́ tí yóò gba ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di eré kò yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí a ti ń sọ. Wọ́n ti gbé e sórí ìtàgé rí: Wálé Ògúnyẹmí ló kọ Láńgbòdó láti inú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ṣojú Nàìjíríà níbi FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní Èkó ní 1977.

Apá kejì ìwé náà, ìyẹn ìrìn àjò sí Òkè Láńgbòdó, dà bí ẹni pé tẹlifíṣàn ni Fágúnwà ní lọ́kàn nígbà tó kọ ọ́ ní 1938. Àkàrà-oògùn, Kàkò, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jẹ́ ọdẹ méje, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀, tí àwọn òǹwòran yóò máa retí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí Asimov kò ní tí Goyer fi ní láti dá ọba mẹ́ta sílẹ̀ ti wà níbẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tó le ni ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n Òkè Láńgbòdó, níbi tí ìrìn ti dúró tí ìmọ̀ràn gba ọ̀pọ̀ ojú ewé. Àwọn kan yóò ní kí a gé e kúrò. Èmi kò gbà, nítorí ìmọ̀ràn yẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ la igbó kọjá. Ẹ jẹ́ kí ìtàn tí Ìrágbèje ń sọ lójoojúmọ́ di eré fúnra rẹ̀, kí àwọn ọdẹ tí a ti mọ̀ jókòó máa gbọ́, kí ojú wọn máa yí padà.

Ọdún 1963 ni Fágúnwà kú, nítorí náà ọwọ́ ẹbí rẹ̀ ni àṣẹ wà títí ọdún 2033 yóò fi parí. Ní ti ibi tí a lè ti ya á, a kò ní láti jìnnà: Ìgbòjàyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí ni Kúnlé Afọláyan kọ́ abúlé sinimá rẹ̀ sí, tí a sì rí i nínú Aníkúlápó. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ gbogbo ìwé tán kó tó lọ tọrọ àṣẹ. Kí ó kọ ìpín kan péré, ìjà Àkàrà-oògùn àti Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún, kí ó fi í tọ ẹbí náà lọ pẹ̀lú amòfin, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ìgbà tó bá yá, ẹnikẹ́ni kò ní fa ìtàn náà kọjá ibi tí Fágúnwà fi í mọ láìgba àṣẹ wọn.